Aṣọ Pupa Inú Ọkọ̀ Ààrẹ

"Gbé tọ́ọ̀ṣì yẹn wá sílẹ̀ díẹ̀. Ojú mi kọ́ ni mo ní kí o tàn án sí. Àbí o fẹ́ kí n fọ́jú kí Ọjọ́ Ààrẹ tó dé ni?"

Sípánà rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ̀ ba títí àgbọ̀n rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sìmẹ́ńtì. Bàbá rẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀ dúdú náà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí páálí, bàtà rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Sípánà tan iná sí páìpù tín-ín-rín tó gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sí ìdí táyà iwájú. Bàbá rẹ̀ fi ìka ra á láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń wo ọwọ́ ọmọ tó ṣubú.

"Kí lo rí?" bàbá rẹ̀ bi í.

"Ó gbẹ, sà. Kò jò, kò sì là."

"Ó dáa. Rántí pé ìwọ náà rí i."

Orúkọ àbísọ ọmọbìnrin yìí wà nínú ìwé iléèwé rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń fi pè é. Láti ìgbà tó ti ń rá ló ti máa ń jókòó ti bàbá rẹ̀ bó bá ń tún ọkọ̀ ṣe, sípánà sì ni nǹkan ìṣeré tó kọ́kọ́ dì mú. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí, ó ku díẹ̀ kó jáde iléèwé, síbẹ̀ Sípánà ni àwọn olùkọ́ pàápàá ń pè é.

Ọkọ̀ tí wọ́n ń yẹ̀ wò yìí kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Ọkọ̀ Ààrẹ ni. Ìlú yìí ni wọ́n bí Ààrẹ àtijọ́ orílẹ̀-èdè náà sí, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan tó wà lórí òkè. Olùkọ́ ni kó tó di olóṣèlú. Nígbà tó parí ìjọba rẹ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́lé sí ìlú ńlá, ilé bàbá rẹ̀ lòun padà sí. Láràárọ̀ ló máa ń wa ọkọ̀ dúdú yìí sọ̀kalẹ̀ òkè, tó sì máa ń gbé àwọn ọmọ iléèwé tó bá bá lọ́nà. Ẹni tó ti bá àwọn olórí orílẹ̀-èdè jókòó wá di ẹni tó ń bá ọmọ kékeré jiyàn lórí ìṣirò nínú ọkọ̀. Ọmọ náà sì máa ń borí rẹ̀ nígbà mìíràn. Nígbà tó kú, ìjọba ẹkùn náà ṣòfin pé kí ọjọ́ ìbí rẹ̀ di ọjọ́ ìsinmi. Ẹkùn yìí nìkan ló ń ṣe é o. Ní àwọn ẹkùn yòókù, wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́ wọn bíi ti ọjọ́ gbogbo, wọ́n á sì máa fi ìlara wo àwọn tó ń sùn.

Ilé orí òkè náà ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, bàbá Sípánà ló sì ń tọ́jú ọkọ̀ Ààrẹ níbẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni ọkọ̀ náà ń jáde. Ní Ọjọ́ Ààrẹ, Dẹ́rẹ́bà á kó ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn, á sì rọra wà á láti orí òkè dé gbàgede ìlú, gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ ti máa ń ṣe nígbà ayé rẹ̀. Èrò á tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn èèyàn pàtàkì á dúró sísàlẹ̀, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Lọ́dún yìí, àbúrò Sípánà, ọmọ ọdún méje tí wọ́n ń pè ní Bọ́ọ̀lù nítorí orí rẹ̀ tó rí rogodo, wà lára àwọn ọmọ márùn-ún náà.

Bàbá rẹ̀ jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó nu ọwọ́, ó sì fa aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ nínú àpò. Ó wé e mọ́ sítíà, ó yí i po, ó sì fi ọwọ́ òsì tì í sábẹ́ kókó. Ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá yìí, bó ṣe ń so nǹkan kò jọ ti ẹlòmíràn.

"Ó parí," ó wí. "Bí aṣọ yìí bá ti wà níbí, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́ títí n ó fi tú u lọ́la. N kì í dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ lójú èrò pẹ̀lú aṣọ funfun ọdún. Tí mo bá ti bá aṣọ mi bí mo ṣe so ó, mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀."

"Tí ẹnì kan bá tú u, tó sì so ó padà ńkọ́, sà?"

"Ta ni? Kókó ọlọ́wọ́ òsì rèé. Kò sẹ́ni tó lè so ó bẹ́ẹ̀ nínú ìlú yìí."

Sípánà bá a rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti mọ kókó náà so. Ó ti fi okùn bàtà kọ́ ọ nínú yàrá, ó sì ń pa á mọ́ kó lè fi ya bàbá rẹ̀ lẹ́nu lọ́jọ́ kan.

"Ohun mìíràn tún wà," bàbá rẹ̀ wí, kò sì wo ojú rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe bó bá ní ohun ayọ̀ í sọ. "Lọ́la, iwájú lo máa jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ti sọ fún Màdámù Alákòóso ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí. Ó ní kò burú."

Inú Sípánà dùn débi pé ó gbàgbé láti dúpẹ́. Ó kàn dì mọ́ ọn, tòun ti girísì tó wà lára aṣọ rẹ̀.

* * *

Nígbà tó di ọ̀sán, Dẹ́rẹ́bà sọ̀kalẹ̀ lọ sí gbàgede láti wo ibi tí ọkọ̀ yóò ti dúró. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé ọkọ̀ sílẹ̀ fún Sípánà pé kó gbálẹ̀, kó sì tilẹ̀kùn bó bá ṣe tán. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé dákẹ́, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ sílé múra sílẹ̀ fún ọjọ́ kejì. Fọ́tò ńlá kan tó jẹ́ ti Ààrẹ wà lára ògiri, ó wọ gíláàsì, kò rẹ́rìn-ín. Ibi yòówù kí Sípánà gbálẹ̀ dé, ó dà bíi pé ọkùnrin náà ń wò ó.

Ibẹ̀ ló wà tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì fi yọjú. Ọ̀kan ni Kámẹ́rà, ọmọkùnrin tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń ya gbogbo nǹkan ní fídíò títí kan oúnjẹ tó kù sílẹ̀. Èkejì ni Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń mú kí èèyàn ṣe ohun tí kò fẹ́ ṣe.

"Ọkọ̀ tí o ń sọ nìyí?" Ẹlẹ́rìn-ín wí, ó ń yí ọkọ̀ náà ká. "Ìwọ tí o ní bàbá rẹ ti kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà."

"Ó ti kọ́ mi. Ọkọ̀ tiwa ni mo fi kọ́ ọ."

"Ẹnu lásán," Kámẹ́rà wí. "Gbogbo kíláàsì ló mọ̀ pé ẹnu lásán ni. Lọ́la náà, o kàn máa jókòó síbẹ̀ bí ẹrù ni."

Ẹlẹ́rìn-ín bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà wọ Sípánà lára ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ẹ wò ó, aṣọ bàbá mi wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án mọ́."

"Aṣọ tí o lè so padà? Ìwọ lo sọ fún wa lẹ́nu ara rẹ pé o mọ̀ ọ́n so." Kámẹ́rà ti gbé fóònù sókè. "Láti ibí dé géètì ẹ̀yìn lásán. Kí o lọ, kí o bọ̀. Ta ló máa mọ̀?"

Ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó ti Sípánà. Ó mọ̀ pé kò dáa. Àmọ́ ó rí ara rẹ̀ nídìí sítíà yẹn, ó rí gbogbo kíláàsì tí wọ́n ń wo fídíò náà, tí ẹnu wọn ń yà. Ọwọ́ rẹ̀ ti tú aṣọ pupa kí ọkàn rẹ̀ tó sọ pé kó má tú u.

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà pẹ̀lú ti ilé ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ọkọ̀ náà sì ṣíná nírọ̀rùn. Ó wà á jáde, ó gba ẹ̀yìn ilé, níbi tí ilẹ̀ ti rọra sọ̀kalẹ̀ lọ sí géètì, tí gọ́tà olókùúta sì wà lápá ọ̀tún. Ara rẹ̀ yá gágá. Kámẹ́rà ń sá tẹ̀ lé e pẹ̀lú fóònù, ó ń pariwo, "Ọmọ Ààrẹ! Ọmọ Ààrẹ!" Sípánà yíjú sí i kó lè rẹ́rìn-ín sí fóònù.

Àkókò yẹn ni ajá kan sá kọjá níwájú rẹ̀. Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ó fa sítíà, táyà iwájú kan sì já sínú gọ́tà. Abẹ́ ọkọ̀ ha òkúta. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ ha ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ajá náà lọ ní tirẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ọkọ̀ náà, wọ́n ti í, wọ́n ń làágùn, títí táyà fi gòkè. Kò sí ibi tó tẹ̀ lára rẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ kò bó. Sípánà wà á padà sínú ilé. Nígbà tó tẹ bíréèkì níbẹ̀, bíréèkì náà rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó mú. Ó tún un tẹ̀ léraléra, ó sì le.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ tó wo abẹ́ ọkọ̀. Òróró kán sílẹ̀, tó. Ó pẹ́ díẹ̀, òmíràn tún kán.

"Kí nìyẹn?" Ẹlẹ́rìn-ín bi í. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò rẹ́rìn-ín.

Sípánà fi ìka kàn án, ó sì gbóòórùn rẹ̀. Ọmọ Dẹ́rẹ́bà ni, kò sí bó ṣe lè ní òun kò mọ̀ ọ́n. Òróró bíréèkì ni.

"Omi lásán ni," ó wí.

"Jẹ́ ká sọ fún bàbá rẹ," Ẹlẹ́rìn-ín wí.

"Kí wọ́n wá lé bàbá mi níbi iṣẹ́? Kí n má jókòó níwájú mọ́? Mo ní omi lásán ni!"

Kámẹ́rà ní òun ti pa fídíò náà rẹ́. Wọ́n jáde láìdágbére. Sípánà fi àkísà nu ilẹ̀, ó gbé aṣọ pupa, ó wé e mọ́ sítíà, ó yí i po, ó sì fi ọwọ́ òsì tì í sábẹ́ kókó. Ó wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì. Kò yàtọ̀ rárá sí ti bàbá rẹ̀.

* * *

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá rẹ̀ ń lọ aṣọ funfun tí Dẹ́rẹ́bà yóò wọ̀. Bọ́ọ̀lù ti wọ bàtà tuntun láti ọ̀sán, ó sì kọ̀ láti bọ́ ọ.

"Ọmọ yìí, wàá wọ bàtà sùn ni?" ìyá wọn wí.

"Màmá, mo ń fi kọ́ra ni."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín àfi Sípánà. Oúnjẹ rẹ̀ tutù níwájú rẹ̀. Ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́ kò ju tó, tó, tó lọ, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà wà lókè lọ́hùn-ún.

"Kí ló ṣe ọ́?" bàbá rẹ̀ bi í. "Àbí ẹ̀rù ọ̀la ló ń bà ọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun rẹ̀. Ká ní ó sọ ọ́, ìbáwí ló máa gbọ́, ẹkún ló máa sun, bàbá rẹ̀ á sì gbé tọ́ọ̀ṣì gun òkè lójú ẹsẹ̀. Ó wo aṣọ funfun náà, ó wo bí ojú bàbá rẹ̀ ṣe ń dán.

"Ó rẹ̀ mí ni, sà. Ilẹ̀ tí mo gbá pọ̀."

"Kú iṣẹ́, ọmọ mi," bàbá rẹ̀ wí, ó sì bu ẹran tirẹ̀ sí i lábọ́. Sípánà kò lè jẹ ẹ́.

* * *

Ọjọ́ Ààrẹ mọ́, ìlú sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ilé ìtajà tì, ọ́fíìsì tì, asíá wà lójú fèrèsé gbogbo. Wọ́n lẹ fọ́tò Ààrẹ mọ́ òpó iná láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, ọkùnrin kan náà, gíláàsì kan náà. Sípánà ṣáájú bàbá rẹ̀ dé ilé ọkọ̀, ó ní òun fẹ́ nu gíláàsì ọkọ̀.

Ó wọlé, ó sì wo abẹ́ ọkọ̀. Òróró náà ti tàn kálẹ̀ lábẹ́ táyà iwájú, ó ti fẹ̀ tó abọ́ oúnjẹ. Ó dúró, ó ń wò ó. Ó gbọ́ ìró bàtà bàbá rẹ̀ àti ti Màdámù Alákòóso níta. Páálí tí bàbá rẹ̀ fi sùn sábẹ́ ọkọ̀ lánàá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó fi ẹsẹ̀ tì í sórí òróró náà. Kò gbà á ní àsìkò rárá. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé nínú gbogbo ohun tóun ṣe, páálí yẹn lòun kò lè dárí rẹ̀ ji ara òun.

"Dẹ́rẹ́bà, ẹ kú ọdún o," Màdámù Alákòóso ń sọ bọ̀. "Ẹ dákun, ṣé ẹ yẹ bíréèkì wò dáadáa? Èrò tọdún yìí pọ̀ ju ti èṣí lọ."

Dẹ́rẹ́bà na ìka sí sítíà. "Aṣọ mi wà níbẹ̀, Màdámù. Bí mo ṣe so ó ló wà."

Ó tú aṣọ náà, ó gbé e lé Sípánà lọ́wọ́ pé kó bá òun dì í mú. Ó ṣí ọkọ̀, ó tẹ bíréèkì wò lẹ́ẹ̀kan, bíréèkì mú. Wọ́n kó àwọn ọmọ márùn-ún náà sẹ́yìn, Bọ́ọ̀lù wà láàárín wọn, bàtà rẹ̀ ń dán. Sípánà ṣì dúró síta.

"Wọlé, kí lo ń dúró ṣe?" Bàbá rẹ̀ wò ó dáadáa. "Ṣé kò sí nǹkan?"

Ìbéèrè yẹn ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀. Ìta ni àwọn onífèrè ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ń juwọ́ sí àwọn ìyá wọn.

"Kò sí nǹkan, sà," ó wí, ó sì wọlé.

Ó rò ó pé bí òun bá wà nínú rẹ̀, kò ní ṣẹlẹ̀. Irú èrò báyìí máa ń wá sí ọkàn ẹni tó ti mọ̀ pé ó máa ṣẹlẹ̀.

Wọ́n kọjá géètì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Èrò ń pariwo, "Ààrẹ wa! Ààrẹ wa!" Dẹ́rẹ́bà rọra ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí bíréèkì ní gbogbo ìgbà, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń gba òkè náà nìyẹn. Sípánà kò wo èrò. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ń wò. Ó rí i tó ń rì. Wọ́n dé ibi ilé aláṣọ, ó tún rì sí i. Dẹ́rẹ́bà gbé ẹsẹ̀ sókè, ó tún un tẹ̀, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ kò tíì lọ, àmọ́ ojú rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Kí ló dé?" ó wí jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. "Kí ló dé, ọ̀rẹ́ mi?"

Aṣọ pupa náà ti rin gbingbin fún òógùn lọ́wọ́ Sípánà.

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Dẹ́rẹ́bà fa bíréèkì ọwọ́, ọkọ̀ ké, ó dín díẹ̀, kò dúró. Ó já gíà wálẹ̀, kò tó. Gbàgede ti yọ nísàlẹ̀, ó kún fún èèyàn àti ọmọdé tí wọ́n mú asíá kékeré dání, wọ́n ń rẹ́rìn-ín nítorí wọ́n rò pé ara eré náà ni.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wólẹ̀!" Dẹ́rẹ́bà pariwo. "Ẹ wólẹ̀ sídìí àga! Sípánà, dì mọ́ ibi tí o wà!"

Ògiri òkúta kan wà lápá òsì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò dúró sí. Apá ọ̀tún, èrò ni. Dẹ́rẹ́bà fi ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ha ògiri náà. Irin ń ya, òkúta ń fò, àwọn ọmọ ń ké. Ọkọ̀ Ààrẹ ha ògiri náà lọ títí, ó sì dúró síbi tí ògiri ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àwọn onífèrè dákẹ́. Ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì ti ká wọlé, apá òsì Dẹ́rẹ́bà sì wà láàárín irin náà.

"Àwọn ọmọ ńkọ́?" ó bi Sípánà. "Ka àwọn ọmọ fún mi."

* * *

Kò sí ọmọ tó kú. Bọ́ọ̀lù fi iwájú orí gba ẹ̀yìn àga, wọ́n rán an, àwọn yòókù bó lára díẹ̀díẹ̀. Apá Dẹ́rẹ́bà ni dókítà ń mi orí sí. Ó ní egungun á jinná, àmọ́ àwọn ìka kò ní ká mọ́.

Ẹnu ìlú kò gbófo. Rédíò ní awakọ̀ kò yẹ ọkọ̀ wò. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún un lọ́dọọdún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọjọ́ ogbó ti dé sí i, pé ó yẹ kí wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Màdámù Alákòóso wá sí ilé ìwòsàn, ó dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kò jókòó. Kámẹ́rà fa Sípánà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ọgbà ilé ìwòsàn.

"Má sọ nǹkan kan o," ó wí. "Fídíò ti lọ. Òróró náà ti dà dànù tán. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ láéláé."

Òótọ́ ló sọ. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Sípánà gbọ́ ọ, ẹ̀rù sì bà á ju ìgbà tí ọkọ̀ ń sáré lọ.

Nígbà tó wọ yàrá, ìyá rẹ̀ ti lọ bu omi. Bàbá rẹ̀ ń wo òrùlé, apá òsì rẹ̀ wú nínú báńdéèjì.

"Sípánà, ìwọ ni?" ó wí. "Wá. Ohun kan ń dà mí láàmú. Mo rántí pé mo fọwọ́ ra páìpù yẹn. Mo rí i lójú mi báyìí. Àmọ́ gbogbo wọn ní n kò ṣe é. Bóyá ti èṣí ni mo ń rántí. Ọpọlọ àgbà lè ṣe bẹ́ẹ̀." Ó yíjú sí i, ojú rẹ̀ pupa. "Ìwọ lo tan tọ́ọ̀ṣì. Sọ òótọ́ fún mi, má ṣàánú mi. Ṣé mo yẹ̀ ẹ́ wò, àbí mo gbàgbé? Ṣé èmi ni mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi pa ọmọ mi?"

Sípánà kúnlẹ̀.

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, sà. Ó gbẹ. Ẹ kò gbàgbé nǹkan kan."

"Kí ló wá ṣe é?"

"Èmi ni, Bàbá. Mo wà á lẹ́yìn tí ẹ lọ. Ó já sí gọ́tà. Mo rí òróró, mo sì mọ ohun tó jẹ́. Mo fi páálí bò ó mọ́lẹ̀."

Nọ́ọ̀sì kan kọjá, ó sì ń kọrin lábẹ́nu.

"Aṣọ mi ńkọ́?" bàbá rẹ̀ wí níkẹyìn. "Mo bá aṣọ mi bí mo ṣe so ó."

"Èmi ni mo so ó."

Ó wò ó títí. "O mọ̀ ọ́n so tó bẹ́ẹ̀?" Omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Sípánà kò tíì rí ẹkún bàbá rẹ̀ rí. Kò na ọwọ́ sí i, kò bú u, kò sì ní kó dìde. Ó kàn ń sọ fún ara rẹ̀ léraléra pé, "Ọwọ́ mi kọ́ ló gbàgbé. Ọwọ́ mi kọ́." Ó dà bí ẹni tí wọ́n dá ohun ńlá kan padà fún, tí wọ́n sì gba òmíràn tó ju ìyẹn lọ.

Ìyá rẹ̀ ló mú un lọ bá Màdámù Alákòóso. Sípánà tún gbogbo rẹ̀ sọ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, orí rẹ̀ wà nílẹ̀, ìyá rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Rédíò sọ òótọ́ náà, ìlú wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Dẹ́rẹ́bà. Iléèwé fi ìyà jẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn òbí tí wọ́n ń kí Sípánà tẹ́lẹ̀ ń fa ọmọ wọn mọ́ra bó bá ń kọjá. Ó gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn ìka bàbá rẹ̀ kò ká mọ́.

* * *

Ọjọ́ Ààrẹ mìíràn tún ń bọ̀. Wọ́n ti tún ọkọ̀ náà ṣe, àmọ́ Màdámù Alákòóso ní kò ní sọ̀kalẹ̀ òkè náà mọ́. Yóò dúró síwájú ilé, àwọn ọmọ á sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí gbàgede. Dẹ́rẹ́bà ní bó bá jẹ́ ìṣísẹ̀ kan ni wọ́n máa fi wà á síwájú ilé, òun á yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ṣiṣẹ́, ó pẹ́ gan-an. Nígbà tó parí, ó fa aṣọ pupa yọ, ó sì gbìyànjú láti wé e mọ́ sítíà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Aṣọ náà jábọ́. Sípánà, tó dúró ní ẹnu ọ̀nà, sún mọ́ ọn kó tó rántí, ó sì dúró.

Bàbá rẹ̀ wò ó. Lẹ́yìn náà ló pe Bọ́ọ̀lù.

"Wá so aṣọ yìí fún mi. Mo máa kọ́ ọ."

Bọ́ọ̀lù so ó, kókó náà wọ́, kò jọ ti bàbá rẹ̀ rárá. Dẹ́rẹ́bà ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Sípánà yíjú kúrò kí wọ́n má baà rí omi tó wà lójú rẹ̀. Ó ti fẹ́ máa lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ tún sọ̀rọ̀.

"Sípánà. Mú tọ́ọ̀ṣì wá. Mo fẹ́ tún wo páìpù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó sáré mú un wá. Ó tẹ̀ ba, ó sì tan iná síbi tó yẹ.

"Kí lo rí?" bàbá rẹ̀ bi í láti abẹ́ ọkọ̀.

Sípánà wò ó, ó tún un wò, ó sì na ìka rẹ̀ kàn án kó tó dáhùn.

"Ó gbẹ, sà. Mo fọwọ́ kàn án."

Bàbá rẹ̀ na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án fúnra rẹ̀. Sípánà mọ̀ pé bó ṣe máa rí láàárín wọn nìyẹn fún ìgbà pípẹ́, kò sì bínú sí i.

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ẹ ń ka èyí, ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá yìí fi ìbéèrè ṣílẹ̀kùn òótọ́ fún ọmọ rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, òótọ́ ìbá ti mú ìbáwí wá fún un, kò sì ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárọ̀, ìtìjú lójú èrò ni. Ní ilé ìwòsàn, ó ti di apá èèyàn, ó sì ti di ìgbẹ́kẹ̀lé bàbá sí ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, kó tètè sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ àṣìṣe lásán.